Ilẹ̀ Wà Níbẹ̀, Ìwé Ni Kò Rí I

Ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn, bí àríyànjiyàn ilẹ̀ bá dé, àgbà ẹbí la máa ń pè. Baba á fi ọ̀pá nawọ́ sí pèrègún tí bàbá tiẹ̀ gbìn sí ààlà, á ní láti ibí títí dé ìdí ọ̀pẹ ọ̀hún, tiwa ni. Ọmọ Yorùbá tó bá kó dé Jabi ní Àbújá á rí i pé ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin ọdún 1976 tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ mínísítà lèèyàn sì ti ń gba púlọ́ọ̀tì. Wọ́n pín ìlú sí àgbègbè onínọ́ńbà, B04 ni ti Jabi. Púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n pín in fún sì wà nínú ìwé ní ọ́fíìsì. Nígbà tí Nasir El-Rufai ṣe mínísítà, láti 2003 sí 2007, wọ́n kó ìwé ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ tó ń jẹ́ AGIS, wọ́n sì ní kí àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ C of O àtijọ́ wá gba tuntun. Ilẹ̀ wá lọ́tọ̀, ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ náà lọ́tọ̀. Ilé lè dúró digbí kí ìwé má mọ̀ ọ́n. Ìwé lè mọ́ tónítóní, kí ilẹ̀ tó ń sọ nípa rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà.

Ẹni tí èyí bá ti yé ti mọ ohun tó pọ̀ nípa hard disk inú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ fojú kàn án rí.

Nínú àpótí irin pẹlẹbẹ náà, àwo róbótó kan wà, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n fi èròjà onímágínẹ́ẹ̀tì kùn lójú. Ó ń yí po nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan ń lọ ó ń bọ̀ lókè rẹ̀. Orí apá yìí ló ń kọ̀wé, òun náà ló ń kà á, kò sì gbọdọ̀ fara kan àwo náà. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé hóró eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1956 tí IBM kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà RAMAC, àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 24, ẹrù náà sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo ohun tó lè gbà kò ju orin kan lórí fóònù òde òní lọ.

Ojú àwo náà ni wọ́n gé sí púlọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní sector. Dísìkì 1TB tí púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gba 4,096 byte ní ju mílíọ̀nù 244 irú rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ ẹni tó ń gbé inú òun. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi wà. Windows pe tirẹ̀ ní Master File Table. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fáìlì tó ń jẹ́ "Project Chapter 4" wà ní púlọ́ọ̀tì báyìí sí púlọ́ọ̀tì báyìí. Bí ẹ bá tẹ fáìlì náà, ìwé ni kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ṣí, kó tó rán apá yẹn níṣẹ́.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ò rí fáìlì, tàbí tó ń falẹ̀ bí ẹni tí kò jẹun, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ìwé ló dàrú ni àbí ilẹ̀ ló bàjẹ́?

Ìwé ló sábà máa ń dàrú nílùú tí iná ti ń lọ láìdágbére. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS ń kọ fáìlì lọ́wọ́, iná lọ. Ó ti kọ́lé tán, kò tíì kọ orúkọ sínú ìwé. Tàbí ó ti forúkọ sílẹ̀, kò tíì kọ́lé. Windows ní ìwé kékeré kan tó ti ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, nítorí náà ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí iná bá dé, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ flash tí wọ́n ṣe ní ìlànà FAT32 tàbí exFAT ò ní irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé fífà á yọ lójijì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bó bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà ò ṣeé kà mọ́, Windows á ní kí ẹ format dísìkì náà kí ẹ tó lè lò ó. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mi ò lè ka ìwé yìí, ṣé kí n ṣí tuntun?" Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Laptop ṣubú, tàbí ooru ti ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ ti dé. Àwọn tó ṣe dísìkì mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi àwọn púlọ́ọ̀tì kan pamọ́ tí ìwé kankan ò sọ̀rọ̀ nípa wọn. Bí púlọ́ọ̀tì kan bá kọ̀ láti gba ohun tí wọ́n kọ sí i, dísìkì fúnra rẹ̀ á kó onílé lọ sí ọ̀kan nínú àwọn tó pa mọ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ń ka iye tó ti kó. Àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní SMART, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo á sì fi hàn yín. Òǹkà tí wọ́n fi ń pè wọ́n ṣàjèjì díẹ̀. 05 ni iye àwọn tí wọ́n ti kó lọ. C5 ni àwọn tí kò ṣeé kà, tí wọn ò sì tíì rí ibi kó wọn sí. C7 kì í ṣe ti ilẹ̀ rárá, ọ̀nà ló ń bá wí, ìyẹn wáyà tó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ C7 nìkan ló ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta dísìkì tuntun fún yín.

Bí 05 bá jẹ́ díẹ̀ tó sì dúró sójú kan, ó lè sin yín fún ọdún púpọ̀ sí i. Bó bá ń pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ti ń dágbére. Ti C5 ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ohun tẹ́ ẹ ti kó síbẹ̀ ni ẹ ò rí kà mọ́ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ búlúù tó ní "Good" tàn yín. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ Google tẹ ohun tí wọ́n rí lára dísìkì tó lé ní 100,000 jáde. Dísìkì tí àyẹ̀wò bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ lójú rẹ̀ fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín ọjọ́ 60 ju èyí tí kò ní lọ. Síbẹ̀, àwọn tó ju ìdajì lọ nínú èyí tó kú, ìdá 56 nínú 100, ò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì SMART mẹ́rin tó lágbára jù. Bí àmì bá dé, ẹ gbà á gbọ́. Bí kò bá dé, ẹ má sùn.

Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà rèé. Windows ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CHKDSK, ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ló máa ń ní kí ẹ lọ lò ó. Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe ẹbí yín. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ ni, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an ni pé kí ìwé bára mu. Bó bá rí ilé tí ìwé ò mọ onílé rẹ̀, á kó o kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá rí ẹni méjì tí wọ́n ń du púlọ́ọ̀tì kan, á tún un pín bó ṣe wù ú. Fọ́tò ìgbéyàwó yín lè bọ́ sínú àpò kan tó ń jẹ́ FOUND.000, kó máa jẹ́ FILE0000.CHK, kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́ ìyàwó, kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́ rìsíìtì iná. Lẹ́yìn náà á jábọ̀ fún yín pé kò sí ìṣòro mọ́. Òótọ́ ló sì sọ. Kò sí ìṣòro nínú ìwé. Bí ẹ bá tún wá fi /r kún un, á rin gbogbo púlọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìrìn yẹn gan-an sì lè pa dísìkì tó ti ń mí gúlegúle.

Ẹrù ni ká kọ́kọ́ kó jáde. Olú ilé iṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń mú àwọn oníjìbìtì, wà ní Jabi, láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣí i. Iṣẹ́ àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà afurasí wò kárí ayé ní òfin kan tó yẹ ká jí lò: wọn kì í fọwọ́ kan dísìkì gan-an, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe, orí ẹ̀dà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí Windows bá ṣì ń ṣí, ẹ so dísìkì mìíràn mọ́ ọn, kí ẹ kó ohun tí ẹ ò lè rí mọ́ láyé ṣáájú. Fíìmù lè dúró. Yunifásítì NOUN náà ní olú ilé rẹ̀ ní Jabi, àwọn òṣìṣẹ́ àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fi òru kàwé níbẹ̀ ò kéré, tí project wọn sì wà lórí laptop kan ṣoṣo. Project yẹn ni kó kọ́kọ́ jáde. Bí Windows bá kọ̀, ẹ fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, tó wà lórí flash ṣí kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń ka dísìkì náà láìbéèrè lọ́wọ́ Windows. Bó bá sì ń há, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ ddrescue wà. Ibi tó rọrùn ló máa ń kó ṣáájú, á fo ibi tó le, á sì padà síbẹ̀ nígbà tó bá yá. Ó tún ń kọ ibi tó dé sílẹ̀, kí iná tó bá lọ má baà dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbé Nàìjíríà rí.

Bí ẹ bá gbọ́ tí dísìkì ń dún kọ́, kọ́, kọ́, ẹ pa á lẹ́sẹ̀ kan náà. Apá yẹn ló ń wá ojú ọ̀nà tí kò rí, gbogbo ìyípo tó bá tún ṣe lè máa ha ojú àwo. Ẹ má ṣí i, ẹ má sì gbé e sínú fìríìjì bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Yàrá tí kò ní eruku rárá ni wọ́n ti ń tú u, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ní ọjà kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kì í gùn tó báyìí.

"Ẹnjiníà, kò ṣí mọ́ o."

"Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n. Mo máa bá yín format ẹ̀."

Format kíákíá ò wó ilé kankan. Ìwé tuntun tó ṣófo ló ṣí, ilé wà níbẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi kọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn láti Kánádà tí wọ́n ń ṣe fíìmù tó jáde lọ́dún 2009 lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Frontline ra hard disk àlòkù ní Gánà ní 40 dọ́là, wọ́n bá ìwé kọ́ńtíráàtì iléeṣẹ́ ohun ìjà Northrop Grumman ti Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Ẹni tó pàdánù fáìlì lè fi ìyẹn nírètí, bí kò bá tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó fẹ́ ta laptop rẹ̀, ẹ̀rù ló yẹ kó bà á.

Ti SSD, irú dísìkì mìíràn, yàtọ̀. Kò ní àwo, kò ní apá, kì í dún. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀, Windows á sọ fún un pé púlọ́ọ̀tì ọ̀hún ti ṣófo, òun náà á sì wó ilé náà láìpẹ́. Kò sí ẹnjiníà tó máa dá a padà.

Ohun kan kù fún ẹni tó ń lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ gbé CrystalDiskInfo dání lórí flash, kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo 05 àti C5, kí àwọn méjèèjì jẹ́ òdo. Ẹ wo Power On Hours. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, nítorí náà èyí tó bá fi 26,000 hàn ti ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́ta láìsinmi, ohun yòówù kí oníṣọ́ọ̀bù sọ nípa bó ṣe ń dán. Bó bá ní òun ò gbà kí ẹ wò ó, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.