Ejò Wà ní Chicago: Ẹ Wò Ó, Ẹ Má Pa Á

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti Nàìjíríà wá sí Chicago gbà pé òtútù ìlú yìí kò lè jẹ́ kí ejò gbé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán ní oṣù kẹrin, ejò àti ìjàpá omi á jáde wá yá oòrùn, nígbà mìíràn ní ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Òbí tó bá dá wọn mọ̀ yóò lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀, kò sì ní máa sá fún ohun tí kò léwu.

Níbo ni wọ́n ń wọ̀ nígbà òtútù?

Ara àwa èèyàn ń mú ooru tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n oòrùn ni àwọn ẹranko afàyàfà gbójú lé. Nítorí náà, ejò á wọ ihò tó jìn ju ibi tí ilẹ̀ ń dì dé. Ìjàpá omi á lọ dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún, lábẹ́ omi dídì. Ọkàn rẹ̀ á máa lù lọ́kọ̀ọ̀kan, awọ ara rẹ̀ á sì máa fa ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi. Ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀ láìjẹun. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí àìsí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ń ṣe fún èèyàn. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá yìí yà mí lẹ́nu.

Ẹ tẹ̀ lé oòrùn

Ẹ jáde lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn lẹ́yìn òtútù, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní Lincoln Park, ẹ dúró ní Nature Boardwalk, kí ẹ wo àwọn igi tó wó sínú omi. Ìjàpá tí ilà pupa àti àwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀ ni painted turtle. Ẹ̀yin ará South Holland ní Sand Ridge Nature Center nítòsí.

Snapping turtle tóbi jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀kan tó sanra gan-an jókòó sórí ẹ̀wọ̀n irin nínú odò Chicago. Fídíò rẹ̀ tàn káyé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Chonkosaurus.

Ejò tí ẹ ó sábà rí ni garter: ó dúdú, ilà àwọ̀ ìyeyè sì nà láti ọrùn rẹ̀ dé ìrù. Kò léwu fún èèyàn. Massasauga, tó ń gbọn ìrù bí ẹni gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, nìkan ni olóró ní agbègbè yìí. Ó ti ṣọ̀wọ́n débi pé ní ọdún 2016 ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò ó.

Nílé, ẹni tó bá rí ejò á wá igi. A kò lè dá àwọn baba wa lẹ́bi. Oró ọká àti paramọ́lẹ̀ ti pa àgbẹ̀ púpọ̀. Níbí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: pípa ejò inú igbó ìjọba lè di ẹjọ́.

Ohun tí òbí yóò ṣe

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbé ìjàpá wálé. Kòkòrò àrùn Salmonella ń gbé lára rẹ̀, ó sì lè dá ìgbẹ́ gbuuru líle sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lára. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ka títa ìjàpá kéékèèké léèwọ̀ láti ọdún 1975. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ kàn án, ọṣẹ àti omi kíákíá.

Ẹ má tú ẹran ọ̀sìn sínú adágún. Ní oṣù keje ọdún 2019, aligátọ̀ kan yọjú nínú adágún Humboldt Park. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi wá a kí Frank Robb tó ti Florida wá mú un.

Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í. Ẹ bọ́ òrùka, kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ pe 911.

Ní Sátidé tí oòrùn bá ràn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú rí i.