Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Tòkunbọ̀: Ẹ Ṣírò Ìtọ́jú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, tọkọtaya ọ̀dọ́ kan wá kan ilẹ̀kùn wa ní Festac. Ìyàwó wà nínú oyún oṣù méje, ọkọ rẹ̀ kò sì lè gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló gbé wọn wá, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìtúká.

Arákùnrin yìí ti ra ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ kan, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tó ń dán bíi dígí. Àwa fúnra wa ni a gbàdúrà sí i níwájú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ tó gbé e dé. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó kù díẹ̀ kó dé Mile 2, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì. Mẹkáníìkì tú u, ó ní timing belt ló já, àwọn fáàfù sì ti tẹ̀. Owó tí wọ́n ń tọ́jú de ìbímọ ni wọ́n fi tún un ṣe. Kò tó, wọ́n tún yáwó kún un.

Ìyàwó ní ọkọ òun fẹ́ràn fàájì ju ọmọ tó ń bọ̀ lọ. Ọkọ ní òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí òun ṣe? Nígbà tí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán, a rí i pé arákùnrin yìí kì í ṣe onínàákúnàá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkọ̀ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ ni. Àwa tí a gbàdúrà sí ọkọ̀ náà pàápàá kò béèrè ohun kan nípa rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn wa dá wa lẹ́bi. Ìdí nìyí tí a fi lọ jókòó ti àwọn àgbà mẹkáníìkì ní Amuwo-Odofin, tí a sì kó ohun tí a kọ́ jọ fún ẹ̀yin ìdílé.

ÌWÉ TÍ KÌ Í BÁ ỌKỌ̀ DÉ

Àgbègbè wa yìí mọ ọkọ̀ dáadáa. Ilé tí a ń gbé ní Festac ni ìjọba kọ́ de àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní 1975, ni Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ojo, lójú ọ̀nà Badagry tí a ń gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ra Ìjàpá tuntun láyé ìgbà náà, ìwé kékeré kan máa ń bá a dé, tó sọ ohun tí a ó pààrọ̀ àti ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Lóde òní, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Òmíràn gba èbúté Apapa tàbí Tin Can wọlé. Ọ̀pọ̀ tún ń gba Cotonou tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Ìwé yẹn kì í sábà bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé. Ọkọ̀ á dé, ìtàn rẹ̀ á kù sẹ́yìn lókè òkun.

ỌJỌ́ ÀTI ÌRÌN

Ọ̀nà méjì ni a fi ń ka àkókò sáfíìsì: ìrìn tí ọkọ̀ rìn àti oṣù tó ti kọjá. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni a ó tẹ̀lé. Ẹ má sọ pé ọkọ̀ kò rìn púpọ̀ lọ́dún yìí. Ọ́ìlì ń gbó, rọ́bà ń le, omi sì ń wọ inú epo bíréèkì, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró lójú kan.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń kọ oríṣi ètò méjì sínú ìwé wọn: ọ̀kan fún ìrìn ìrọ̀rùn, èkejì fún ìrìn wàhálà. Ooru, eruku, ìrìn kúkúrú àti kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, gbogbo wọn ló wà nínú ìrìn wàhálà. Ta ni nínú wa tó ń gba Mile 2 tí kò mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wákàtí méjì, nọ́ńbà ìrìn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lè má ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n wákàtí méjì gbáko ni ọ́ìlì fi jóná. Nítorí náà, bí ìwé bá ní kìlómítà 10,000 fún ìrìn ìrọ̀rùn, ẹ jẹ́ kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní 5,000, tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń rin 40 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò pé 5,000 ní ọ̀sẹ̀ 25. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún nìyẹn.

Èyí tó ní tọ́bò ń fẹ́ ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń tu tọ́bò lára, tọ́bò sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì tó ti dọ̀tí ni ikú rẹ̀.

Ẹ tún wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Máìlì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà. Máìlì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. 90,000 máìlì jẹ́ nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ọkọ̀ àwọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÓ JÁ NÍ MILE 2

Timing belt jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà eléyín tó so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ òkè rẹ̀, kí písítìn àti fáàfù lè máa ṣiṣẹ́ ní ìbámu. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ó bá já, písítìn yóò gòkè wá bá fáàfù tó ṣí sílẹ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Kì í kìlọ̀ kó tó já. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pípààrọ̀ rẹ̀ lásìkò àti títún ẹ́ńjìnnì ṣe dà bí ìyàtọ̀ owó bàtà àti owó ẹsẹ̀.

Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ní in. Honda Prelude ti 1992 sí 2001 ń lo bẹ́líìtì, fáàfù rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ bó bá já. Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tó jáde ní 1989, ń lo bẹ́líìtì tí ilé iṣẹ́ náà ní kí a pààrọ̀ ní 60,000 máìlì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bó bá já. Toyota Celica tó jáde gbẹ̀yìn, láti 1999 sí 2006, ń lo ṣéènì. Ṣéènì ń pẹ́ ju bẹ́líìtì lọ, bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé bẹ́líìtì ni tàbí ṣéènì. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì, tí kò sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí èyí tó ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kí ẹ sì pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn bó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì náà ló ń yí i.

BÍRÉÈKÌ, TÁYÀ ÀTI OMI ÒJÒ

Ọkọ̀ tó ń sáré gbọ́dọ̀ lè dúró. Epo bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ọmọ yín lè wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ara táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní ojú tó nípọn, kó sì ti gbó nínú. Táyà pẹlẹbẹ ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kò sì fẹ́ràn kòtò rárá. Rọ́ọ̀mù á tẹ̀, táyà á wú.

Bí òjò bá rọ̀ tí omi bo ojú títì ní Festac, ẹ má wà á wọ inú omi. Ọkọ̀ yìí sún mọ́lẹ̀, ibi tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú lè sún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Omi kì í ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Bó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, irin inú rẹ̀ á tẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ASPAMDA ní Trade Fair, tàbí Ládípọ̀ ní Múṣín, kí ẹ béèrè iye ohun márùn-ún ti ọkọ̀ náà gan-an: páàdì bíréèkì, timing belt, rédíétọ̀, ṣọ́ọ̀kì àti táyà kan. Ẹ béèrè ti tuntun, ẹ béèrè ti Bẹ́ljíọ̀m. Ẹ má ra timing belt tàbí páàdì Bẹ́ljíọ̀m láé. Bí ẹ bá rìn yí ọjà ká tí ẹ kò rí mẹ́ta nínú wọn, ìdáhùn yín ti dé. Páàtì Corolla kún ọjà; ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ní in ló ń dá iye lé e. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà mọ́, owó páàtì òkèèrè ti gòkè gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó ohun kọ̀ọ̀kan sí iye oṣù tí yóò lò. Àpẹẹrẹ lásán nìyí o: bí táyà mẹ́rin bá jẹ́ N480,000, tí yóò sì lo ọdún mẹ́rin, N120,000 ni lọ́dún, N10,000 lóṣù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ́ìlì, pulọ́ọ̀gì, bíréèkì, bátìrì, bẹ́líìtì àti omi rédíétọ̀. Ẹ fi ìwé ọkọ̀ kún un, àti ìṣúra tí òfin béèrè, èyí tó gòkè láti N5,000 sí N15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àròpọ̀ rẹ̀ ni owó oṣù tí ọkọ̀ ń gbà, yàtọ̀ sí owó epo. Bí owó yìí bá máa fọwọ́ kan owó ilé ìwé ọmọ, ọkọ̀ náà ti ga jù wá lọ, bí wọ́n tilẹ̀ fi í ta wá lọ́pọ̀.

Ẹni tó bá sì lè rà á, kó tọ́jú nǹkan bí ìdá márùn-ún owó ọkọ̀ sọ́wọ́ kó tó rà á, fún sáfíìsì àkọ́kọ́. Ìmọ̀ràn tiwa nìyẹn. Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá tó ọkọ̀ nìkan, owó ọkọ̀ kò tíì pé.

A kò sọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa má gun ohun tó dára. Inú àwa náà dùn nígbà tí a rí ọkọ̀ pupa yẹn. Ṣùgbọ́n òróró tí a fi gbàdúrà kò rọ́pò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá sì gbàdúrà sí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú.

Tọkọtaya yẹn kò túká. Ìyàwó bí ọmọbìnrin láyọ̀, wọ́n sì ti san gbèsè náà tán. Ọkọ̀ pupa ṣì wà níbẹ̀. Ní àpótí iwájú rẹ̀ ni ìwé eléwé ogójì kan wà, ọ̀kan nínú irú tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé. Ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí a pààrọ̀ àti iye owó ló wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyàwó ló ń kọ ọ́. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ tuntun wá fún àdúrà, ìwé rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń béèrè.