Ṣé A Lè Sá Ẹ̀jẹ̀ Bí Gbodo?

Ẹni tó bá dé agbègbè Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà ọyẹ́ yóò rí iṣu tí wọ́n bẹ, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n wá sá sínú òòrùn. Nígbà tó bá gbẹ, ó ti di gbodo. Iṣu tútù kì í pẹ́ rà, àmọ́ gbodo lè lo ọdún kan nínú àpò. Àwọn obìnrin tó ń tà á ní ọjà Arzèkè mọ ìdí rẹ̀: omi ló ń mú oúnjẹ jẹrà. Bí omi bá ti kúrò, ìjẹrà ti dúró.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou, nínú ìlú kan náà, ẹ̀jẹ̀ tí aráàlú fi tọrẹ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, kò gbọdọ̀ kúrò nínú fìríìjì, nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 6 Celsius. Ọjọ́ 35 sí 42 ni òpin rẹ̀. Pẹlẹ́ẹ̀tì, tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì, kì í sábà kọjá ọjọ́ 5. Plásímà, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, lè lo ọdún kan bí ó bá dì gbagidi, tí iná kò sì kú. Ìlú ńlá Cotonou jìnnà sí ibẹ̀ ju 400 kìlómítà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tán ní Parakou lóru, ta ni yóò sáré lọ bù ú wá?

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá bí wọ́n ṣe lè sá ẹ̀jẹ̀. Wọn kò lè lo òòrùn, nítorí ooru yóò sè é. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ plásímà di yìnyín, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán yìí, yìnyín kì í yọ́. Ńṣe ló ń di oru tààrà, tó sì ń lọ. Ìyẹ̀fun rúsúrúsú ló máa ń ṣẹ́kù.

Àwọn dókítà ológun Faransé lo irú plásímà gbígbẹ bẹ́ẹ̀ nínú ogun Indochina. Wọ́n dá a dúró ní 1985 nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò éèdì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ti òde òní lè lo ọdún 2 láìsí nínú fìríìjì. Bí wọ́n bá da omi mílílítà 200 sí i, kò ní ju ìṣẹ́jú 6 lọ tí yóò fi ṣeé fà sára aláìsàn. Wọ́n ń ṣe plásímà gbígbẹ ní South Africa náà.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí a bá gbin gbodo, kò ní hù mọ́, kò sì dùn wá, nítorí ọkà la fẹ́ fi rò. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa gbọ́dọ̀ jí padà sẹ́nu iṣẹ́. Yìnyín máa ń ya awọ rẹ̀, gbígbẹ máa ń ba ohun tó fi ń gbé ọ́síjìn jẹ́, bí omi bá sì padà dé, ó lè bẹ́. Ṣúgà kan wà tó ń jẹ́ trehalose, tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó lè gbẹ tí wọn kò sì kú. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis kéde pé pẹlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣúgà náà sínú rẹ̀ gbẹ, ó sì yè. Ìrètí ńlá nìyẹn, àmọ́ kò tíì sí sẹ́ẹ̀lì pupa gbígbẹ kankan tí ilé ìwòsàn ń lò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì pupa gan-an ni ọmọdé tí ibà gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ nílò, òun náà ni abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nílò. Títí ìmọ̀ yóò fi dé ibẹ̀, ara èèyàn alààyè nìkan ni àká wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, tí ẹ wọ̀n tó kílò 50, tí ara yín sì le, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kan ọmọ tiyín.