Ojú Lọba Ara: Kí Ẹni Tí Ń Tọ́jú Jẹjẹrẹ Prọ́sítéètì Má Gbàgbé Ojú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀rọ̀ yìí bá àrùn méjì kan mu, tí wọ́n sábà máa ń dé bá ọkùnrin nígbà tí ọjọ́ orí bá ń gòkè. Ọ̀kan ni jẹjẹrẹ prọ́sítéètì, èkejì ni gílọ́kómà tí ó ń fọ́ni lójú. Méjèèjì ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo sì lè ní méjèèjì pọ̀, kí ó má mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

OÚNJẸ JẸJẸRẸ

Prọ́sítéètì jẹ́ kókó kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá mú un, họ́mónù ọkùnrin tí a ń pè ní testosterone ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Inú kórópọ̀n ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú họ́mónù yìí ti ń wá.

Ní ọdún 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé bí a bá dín họ́mónù yìí kù, jẹjẹrẹ prọ́sítéètì tí ó ti tàn ká ara a máa rọlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Huggins gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 1966. Orí ìmọ̀ yẹn ni ìtọ́jú òde òní dúró lé. Àwọn dókítà lè fi iṣẹ́ abẹ yọ kórópọ̀n, èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sì lè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ bíi goserelin tàbí leuprolide, lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ìtọ́jú yìí ti fi ọdún kún ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ara. Ooru a máa gba ara lójijì, egungun a máa gbó, ara a máa sanra, ìbálòpọ̀ a sì máa nira. Ìwọ̀nyí ni dókítà sábà máa ń sọ fún aláìsàn àti aya rẹ̀. Ojú ni a sábà máa ń gbàgbé.

OLÈ TÍ KÌ Í KAN ILẸ̀KÙN

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí ń wọlé, tí ó sì ń jáde nígbà gbogbo. Bí ọ̀nà ìjáde rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, omi náà a máa tẹ iṣan tí ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣan náà ń kú. Kò sí ìrora, ojú kò sì pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń dín kù bọ̀ wá sí àárín, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà ṣì lè ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n tí kò ní rí alùpùpù tí ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá ti lọ nínú ìríran kò ní padà mọ́. Èyí tí ó kù nìkan ni oògùn lè dáàbò bò.

Nínú ìwádìí tí a ṣe yíká orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 tí ó ti tó ẹni 40 ọdún ni ó ní gílọ́kómà. Ọ̀kan nínú márùn-ún wọn ni ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Àwọn tí ó mọ̀ pé àwọn ní àrùn náà kò tó 6 nínú 100. Àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn ẹ̀yà tí ó pọ̀ sí jù.

IBI TÍ MÉJÈÈJÌ TI PÀDÉ

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ń yẹ bí dídín họ́mónù ọkùnrin kù ṣe kan ojú wò. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn tí ń bá ìtọ́jú náà rìn ni a ti mọ ìwà wọn. Oògùn abiraterone, tí a ń lò nígbà tí jẹjẹrẹ bá le, kì í dá rìn. Prednisone tàbí prednisolone ni a ń lò mọ́ ọn. Irú oògùn wọ̀nyí lè mú kí omi ojú àwọn kan ga, pàápàá ẹni tí ó ti ní gílọ́kómà tàbí tí òbí rẹ̀ ní i.

Àwọn oògùn bí oxybutynin, tí a ń fún ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ní kánkán, lè dí ọ̀nà omi ojú lójijì fún ẹni tí ọ̀nà náà há. Ojú a pọ́n, orí a fọ́, èébì a gbé ni, iná fìtílà a sì máa ní òrùka aláràbarà yí i ká. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà, ẹni tí ń lo tamsulosin gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ojú kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú tí ó ti funfun.

Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù sá fún abẹ́rẹ́ tàbí kí ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ni yóò jèrè.

FÚN ẸNI TÍ Ó WÀ NÍ ÌDÁLẸ̀

Ewu yìí tóbi jù fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Ìbàdàn, tí ó sì ń gbé ní Kano tàbí Maiduguri. Káàdì rẹ̀ wà nílé ìwòsàn kan, ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà mìíràn, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Kí ó kọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, kí ó máa fi hàn níbikíbi tí ó bá lọ. Kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un yẹ̀ wò bí dókítà bá ti ní. Bí ẹnìkan nínú ìdílé bá ní gílọ́kómà, kí àwọn àbúrò àti ọmọ náà lọ yẹ ojú wọn wò.

Ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, dókítà ojú sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ibẹ̀ ni kí a lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olóògùn ẹ̀bá ọ̀nà tí ń ta oògùn ẹ̀kán ojú láìbéèrè ohunkóhun. Dexamethasone tí ó wà nínú àwọn kan lára wọn lè ṣokùnfà gílọ́kómà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí àgbàlagbà bá borí jẹjẹrẹ, kí ojú rẹ̀ náà wà láti rí ìgbéyàwó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.