Kí Ọmọ Yín Tó Lọ Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Àgbáyé

Bí àwọn ọmọ bá ti parí ìdánwò, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga sì ní kí wọ́n lọ fún I.T., ọ̀rọ̀ kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ á ní òun fẹ́ lọ lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ Red Cross, tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ó ní àwọn èèyàn lókè òkun. Bàbá á béèrè pé, "Èló ni wọ́n máa san?" Ọmọ á ní wọn kì í san nǹkan kan. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú òbí méjì ni mo máa ń bá pàdé ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìgba owó, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ìkejì ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ní ọ́fíìsì nílùú ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, ó ti gbà pé ọmọ òun ti fẹ́ wọ bàálù nìyẹn, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lè sọ ọmọ di èèyàn gidi. Ṣùgbọ́n orúkọ òkèèrè kọ́ ló máa tọ́jú ọmọ yín níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ̀ ládùúgbò ni. Ẹni yẹn ló yẹ kí ẹ wádìí. Kí ẹ sì múra ara ọmọ náà sílẹ̀ kó tó jáde nílé.

I.T. YÀTỌ̀ SÍ IṢẸ́ Ọ̀FẸ́

Àwọn òbí kan máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, nígbà tó sì di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí à ń pè ní SIWES, òun ni àwọn ọmọ ń pè ní I.T. Oṣù mẹ́fà ni àwọn tó wà ní yunifásítì sábà máa ń lò, àwọn ti pólì sì máa ń lo oṣù mẹ́rin. Ara ẹ̀kọ́ wọn ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, olùkọ́ rẹ̀ á wá wò ó níbi iṣẹ́, wọ́n á sì fún un ní máàkì. Àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìjọba Èkó ní Ìkòròdú, ibi tí a mọ̀ sí Laspotech títí di 2022, mọ̀ ọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀, ọmọ ló fínnúfíndọ̀ yàn án. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan, ó sì lè jẹ́ àsìkò ìsinmi. Bí ọmọ yín bá fẹ́ lo I.T. rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, kó kọ́kọ́ mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ sì gbà pé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe bá ohun tó ń kọ́ mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù mẹ́fà lè lọ lásán, kí wọ́n ní kó tún un ṣe.

RED CROSS KÌ Í ṢE ẸGBẸ́ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Mo ní láti sọ èyí nítorí àwọn òbí wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní agbègbè wa. Àwọn kan ti ní kí ọmọ wọn má dara pọ̀ nítorí àgbélébùú tó wà lára aṣọ wọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ogun ńlá kan jà ní Solferino ní ilẹ̀ Ítálì. Oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ Switzerland, Henry Dunant, ń bá ìrìn àjò tirẹ̀ kọjá. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nílẹ̀, àwọn tó lè tọ́jú wọn kò sì tó nǹkan. Ó kó àwọn ará ìlú ìtòsí jọ, pàápàá àwọn obìnrin, wọ́n ń fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n ń fún wọn lómi mu, wọn kò sì wo ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn ni Red Cross ti jáde ní 1863. Àsíá Switzerland, tó jẹ́ àgbélébùú funfun lórí aṣọ pupa, ni wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà láti fi ṣe àmì. Nígbà tí ogun dé bá àwọn Tọ́kì ní 1876, òṣùpá pupa ni wọ́n lò dípò àgbélébùú, òun náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ń lò títí dòní. Ẹgbẹ́ kan náà ni. Ara òfin wọn ni pé kí wọ́n má ṣe ojúsàájú ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí òṣèlú.

Ọdún 1960 ni wọ́n fi òfin dá ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ni ìtọ́jú pàjáwìrì: bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń gbé ẹni tó ṣẹ́ egungun, bí a ṣe ń ṣe ẹni tó dákú. Ilé yín ló kọ́kọ́ máa jàǹfààní rẹ̀. Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ kékeré lára, èyí tó gba ẹ̀kọ́ yẹn kò ní jẹ́ kí ẹ fi epo pupa, ẹyin tàbí iyọ̀ sí i. Omi tútù tó ń ṣàn ni á gbé ojú iná náà sí fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni á gbé e lọ sí ọsibítù.

IṢẸ́ KÉKERÉ, ÈRÈ ŃLÁ

Ẹni tó bá ń sọ pé kí ni ọmọ kan fẹ́ ṣe, kó rántí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 1985 ni ẹgbẹ́ Rotary, tó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri ayé, gbé ogun tì í. Kì í ṣe owó nìkan ló ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń kán oògùn sí àwọn ọmọ lẹ́nu, tí wọ́n ń fi yíǹkì sàmì sí wọn níka, àwọn ni. Ọdún 2016 ni wọ́n rí irú rẹ̀ ti àtijọ́ gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Irú rẹ̀ mìíràn ṣì máa ń yọjú, nítorí náà ẹ má dá àjẹsára ọmọ dúró. Rotary kan náà ló ní Rotaract fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti pé ọdún 18, àti Interact fún àwọn ọmọ iléèwé tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 12.

Ẹ rántí Ebola tó wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014 náà. Ogún èèyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú. Ìdí tí kò fi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan àwọn aláìsàn rí, wọ́n tó 894, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nílé. Àbẹ̀wò náà tó 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Èyí tó kàn wá jù ni ti kọ́lẹ́rà tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìkòròdú wà lára àwọn ibi tí ìjọba Èkó dárúkọ. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọmọ tó lè jókòó ti ìyá olọ́mọ, kó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó lè gba ẹ̀mí là kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ṣíbí náà kò gbọdọ̀ ga, ẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Kí ẹni náà máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù.

ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ibi tí àwọn òbí ti máa ń gbàgbé nìyí. Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tàbí níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọgbẹ́, gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpataítíìsì B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: ti àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ bá ti wọlé ẹ̀kọ́. Ẹ wádìí bóyá ó ti gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti ibà pọ́njú. Bí yóò bá sùn níta, kó mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kọ́ṣẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn gún un níka nígbà tó ń palẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́, kí wọ́n má baà ní kò mọ iṣẹ́. Ọjọ́ kẹrin ló tó sọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò ju wákàtí 72 lọ tí ẹni náà fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ọjọ́ kẹrin ti kọjá ìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni òun àti ìyá rẹ̀ kò fi rí oorun sùn, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé kò kó nǹkan kan. Torí náà, ẹ sọ fún ọmọ yín kó tó lọ: bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, má fún un, kí o sì sọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó máa nà ọ́.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Ẹ̀yin fúnra yín ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì béèrè nǹkan wọ̀nyí.

Èkínní, ta ni ọ̀gá ọmọ mi? Ẹ gba orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì rí ojú rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú tó bófin mu máa ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ lè wádìí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ ńlá kan làwọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ olú ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Èkejì, kí ni yóò máa ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ láìsí ẹni tó dúró tì í. Ọmọ tí wọ́n kàn ń rán lọ ra oúnjẹ láti àárọ̀ dalẹ́ kò sì kọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, ta ló ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ? Owó aṣọ ẹgbẹ́ tàbí owó ọmọ ẹgbẹ́ lè wà, kí wọ́n kọ rìsíìtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó físà wá kí òun fi ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun, tàbí tó fẹ́ gba páálí ìrìn àjò rẹ̀ pa mọ́, ẹ sá fún un. Nítorí irú wọn ni ìjọba fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní 2003.

Ẹ̀kẹrin, báwo ni yóò ṣe lọ, báwo ni yóò ṣe bọ̀? Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kó wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, kó sì dè é dáadáa. Kó má rìn lórí ọ̀sà lálẹ́.

Ìkarùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ lẹ́nu, ta ni yóò sọ fún? Bí ọ̀gá bá ń pe ọmọbìnrin sí òtẹ́ẹ̀lì tàbí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ, iṣẹ́ náà ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kò ní bá a wí bó bá kúrò.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ, BÍ WỌ́N BÁ KAN ILẸ̀KÙN YÍN

Àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru ládùúgbò. Ẹ béèrè káàdì wọn àti orúkọ ẹni tó kó wọn wá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wò ó, kí ẹ má sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti pe yín ní aláìsàn, ẹ lọ tún un wò ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì dára, ẹ má torí ìyẹn pa oògùn yín tì. Ẹ má ra oògùn kankan lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wá láti ìlú mìíràn kò mọ kànga tí omi rẹ̀ kò dára, kò sì mọ ilé tí aláìsàn wà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ní ìparí, ẹ rí i pé ọmọ gba lẹ́tà kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n kọ ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ àti ohun tó ṣe sí, tí ọ̀gá sì fọwọ́ sí. Lẹ́tà yẹn ni agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun máa bi í. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ọmọ ṣe é dáadáa, kí ẹ̀yin náà má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.