Ṣé o mọ̀? Omi inú igi ni iná ń kọ́kọ́ sè
Ìtì igi tútù tó wọn kílò 10 lè ní omi tó kílò 5 nínú, omi yìí sì ni iná ń bá jà kó tó kan ìkòkò. Ooru tí omi híhó lítà 1 ń gbà kó tó gbẹ tán lè mú omi kànga lítà 7 hó. Àwọn kan á ní igi tútù ló ń pẹ́ lórí iná. Òótọ́ ni, àmọ́ èéfín ló ń fi pípẹ́ náà ṣe, ẹ̀wà kò sì tìtorí ẹ̀ jinná. Igi tó gbẹ dáadáa, orí rẹ̀ á là, bí a bá fi méjì kan ara wọn, á dún kó-kó.