Ògo àtijọ́: ṣé Íjíbítì la ó ti wá a ni, àbí Ìṣẹ́?

Ìtàn ti di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà. Òyìnbó tó ń jẹ gàba lé wọn lórí ní ọ̀làjú wọn kò tó nǹkan. Ní 1875, Dayananda Saraswati dá ẹgbẹ́ Arya Samaj sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn padà sídìí Veda, ìwé mímọ́ àwọn baba ńlá wọn, torí ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

Irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ dé Èkó náà. Ní 1894, oníwàásù kan tó ń jẹ́ David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò, ó sì jáde ní 1921. Johnson ní nínú rẹ̀ pé ìhà Íjíbítì òkè tàbí Núbíà ni Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Lucas, àlùfáà Èkó, tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ ní 1948: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo òrìṣà wa di ti Íjíbítì.

Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìnítàn kò lè jókòó lásán. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ìlú àwọn Fáráò ni wọ́n lọ tọrọ ẹ̀rí, nígbà tí ẹ̀rí wà nílẹ̀ wa.

Ìṣẹ́ Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére, wà. Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àmọ́ Ìṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ti hàn, lábẹ́ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́. Òyìnbó ń bọ̀ wá kí i, àwọn èèyàn gbé e. Àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta ju bí ti ilẹ̀kùn yòókù ṣe máa ń rí lọ. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ìwé kankan lórí ìran wa. Igi ló fi sọ ọ́, òyìnbó tó ń jọba lé wa lórí sì wà nínú rẹ̀ bí àlejò.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ògògà gbà láti fi sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìtẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní pàṣípààrọ̀. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí dòní.